Níbo Ni A Ó Ti Jẹun Ní Èkó?

Ó ti tó oṣù mẹ́ta báyìí tí àríyànjiyàn ti ń lọ láàárín wa nípa ibi tí ó yẹ kí Ẹgbẹ́ ti máa jẹun lẹ́yìn ìpàdé oṣooṣù ní ìlú Èkó. Ọ̀rọ̀ náà kéré lójú àwọn kan. Wọ́n ní, ẹgbẹ́ tí a dá sílẹ̀ nítorí èdè àti ìtàn àti àṣà Yorùbá, kí ni ó pa òun àti àwo ọbẹ̀ pọ̀? A bẹ irú àwọn bẹ́ẹ̀ kí wọ́n fi sùúrù ka ọ̀rọ̀ wa dé òpin, nítorí pé ní tiwa, a kò rí ohun tí ó kan Ẹgbẹ́ ju èyí lọ ní ọdún yìí.

Bí ọ̀ràn náà ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Fún ìgbà pípẹ́ ni a ti ń pàdé ní gbọ̀ngàn hòtẹ́ẹ̀lì ńlá kan ní Victoria Island. Ibẹ̀ tutù, àga ibẹ̀ rọ̀, a kò sì lè sọ pé àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kò mọ ọ̀wọ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìpàdé, olúkúlùkù ni ó ń san owó àwo tirẹ̀, owó àwo kan ṣoṣo náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ₦70,000 tí òfin ọdún 2024 là sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí owó oṣù tí ó kéré jù lọ fún òṣìṣẹ́ ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Kí ni a sì ń rí nínú àwo náà? Ìyán tí ó dà bí amọ̀, tí a fi ìyẹ̀fun inú páálí rò, tí odó kò mọ ohunkóhun nípa rẹ̀. Ẹ̀fọ́ tí ó ti fi àwọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ sínú omi. Àti ègé ẹran kan tí ó dá dúró láàárín àwo bí àlejò tí kò mọ ẹnì kankan. Ọmọkùnrin tí ó bá gbé e wá a sì dúró láti ṣàlàyé fún wa, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ohun tí í ṣe ewédú. Àwa náà a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí ó yá, a kò rí àwọn olùkọ́ mọ́ ní ìpàdé. Ní àkọ́kọ́ a ní òjò ni. Lẹ́yìn náà a ní sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ lórí afárá ni. Ní ìkẹyìn ni ọ̀kan nínú wọn, tí ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Yorùbá ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Agége, sọ òótọ́ fún wa pé: "Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ má bínú. Bí mo bá san owó oúnjẹ ibẹ̀ tán, kí ni màá fún ìyàwó mi títí oṣù yóò fi parí? Bí mo bá sì jókòó láì jẹun láàárín àwọn tí ń jẹun, ojú a máa tì mí." Ojú ti àwa náà. Àwọn tí wọ́n ń fi ẹnu ara wọn kọ́ ọmọ wa ní èdè baba wọn lójoojúmọ́, àwọn gan-an ni a fi àwo oúnjẹ lé sẹ́yìn, tí àwa tí ó kù wá jókòó nínú òtútù, tí a ń bá ara wa sọ̀rọ̀ ìdàgbàsókè èdè.

Nítorí náà ni Ẹgbẹ́ ṣe yan àwa mẹ́ta tí a ń kọ ìwé yìí, kí a wá ibi tí oúnjẹ ti dára, tí owó rẹ̀ kò sì ju agbára akọ̀wé kékeré lọ. Ọjọ́ Sátidé mẹ́rin ni a fi rìn. A rin Ìsàlẹ̀ Èkó, a rin Yábà àti Sùúrùlérè, a dé Mùṣin, a dé Ọbáléndé, a kọjá sí Ìkòròdú.

Ṣùgbọ́n kí a tó sọ ohun tí a rí, ó yẹ kí a dá àwọn tí ń fi wá ṣe ẹ̀sín lóhùn. Wọ́n gbàgbé ìtàn. Nígbà tí Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá Ẹgbẹ́ Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, èyí tí a ń pè ní WASU, sílẹ̀ ní ìlú London ní 1925, ohun tí wọ́n ń lépa gidigidi ni ilé kan tí akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú lè wọ̀ sí, nítorí pé ọ̀pọ̀ onílé ìlú náà ni ó ń ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn nítorí àwọ̀ ara wọn. Láti 1929 títí di 1932 ni Ṣólàńkẹ́ fi rin ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà káàkiri láti tọrọ owó ilé náà. Ní 1933 a ṣí i ní Camden Road, oúnjẹ ilẹ̀ wa sì wà lára ohun tí a ń jẹ níbẹ̀. Àwọn tí wọ́n jókòó yí oúnjẹ náà ká ni wọ́n ń bá ara wọn jiyàn lórí bí ilẹ̀ wọn yóò ṣe gba ara rẹ̀. A kò gbọ́ pé ẹnikẹ́ni dá wọn lẹ́bi pé wọ́n fi ikùn ṣáájú ìlú. Àwọn baba wa tí wọ́n ní bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà ni wọ́n ń sọ.

Ní Èkó, ọ̀ràn náà le ju bí ó ti le ní àwọn ìlú wa mìíràn lọ. Ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta, ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì lè yà sílé jẹun lọ́sàn-án. Ẹni tí ó jí ní Ìkòròdú tàbí Agbádó ní agogo mẹ́rin òwúrọ̀, tí ó fẹ́ dé ibi iṣẹ́ ní Marina kí ó tó di agogo mẹ́jọ, tí kò sì ní padà wọlé títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, ta ni yóò bọ́ ọ láàárín ìgbà náà? Olóúnjẹ ẹ̀bá ọ̀nà ni ìyá rẹ̀ lọ́sàn-án. Bí a bá mú ìyá yìí kúrò, ebi ni yóò máa ṣiṣẹ́ ní Èkó.

Ǹjẹ́ báwo ni ènìyàn ṣe ń mọ ilé oúnjẹ tí ó dára nínú ìlú tí ó gbòòrò tó bẹ́ẹ̀? Pátákó kò lè sọ ọ́. Àwọn tí ó dára jù nínú èyí tí a rí kò ní pátákó rárá. Bùkà ni a ń pè wọ́n, ọ̀rọ̀ tí a gbà lọ́wọ́ àwọn Hausa, tí í ṣe àtíbàbà tàbí ahéré, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì tíì ju bẹ́ẹ̀ lọ: páànù, òpó mẹ́rin, bẹ́ǹṣì, àti èéfín.

Ohun tí a kọ́kọ́ ń wò ni ẹsẹ̀ àwọn tí ń jẹun. Ibi tí a bá ti rí bàtà mẹkáníìkì tí epo rin, àti bàtà dúdú dídán ti akọ̀wé báńkì, lábẹ́ tábìlì kan náà, kí a jókòó síbẹ̀. Mẹkáníìkì kò ní owó tí yóò fi ṣòfò, akọ̀wé kò sì fẹ́ kí inú máa run òun níwájú ọ̀gá rẹ̀. Bí àwọn méjèèjì bá fi ohùn kan yan ìkòkò kan, a lè gbà wọ́n gbọ́. Àwọn awakọ̀ èrò tún sàn ju àwọn wọ̀nyí lọ ní ẹlẹ́rìí, nítorí pé gbogbo ìlú ni wọ́n ń rìn, wọ́n sì lè jẹun níbikíbi tí ó bá wù wọ́n. Nígbà tí ọ̀nà bá rú wa lójú ní Mùṣin, awakọ̀ ni a ń bi, a kò sì kábàámọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Èkejì ni àkókò. Ilé tí ọbẹ̀ rẹ̀ tán ní agogo mẹ́ta ọ̀sán sàn ju èyí tí ó ń tà títí di òru lọ, nítorí pé ohun tí ó ti tán lónìí kò sí ẹni tí yóò gbé e kaná lọ́la. Gbẹ̀gìrì pàápàá kì í fi àṣírí pamọ́: bí ó bá ti pẹ́ jù, a máa kan lẹ́nu kí òkèlè tó dé ọ̀fun. Ẹni tí ó bá fẹ́ jẹ àmàlà ní Èkó, kí ó má ṣe dúró di agogo mẹ́rin, kí ó sì wò ó bóyá èlùbọ́ náà rò dan, tí kò ní kókó, tí òórùn rẹ̀ kò sì dà bí ti àpò tí òjò pa.

Ẹ̀kẹta ni omi, èyí ni a sì fi ojú tẹ́ńbẹ́lú jù. Ẹ̀yìn ilé ni ó yẹ kí a wò, kì í ṣe iwájú. Omi mélòó ni a fi ń fọ àwo? Ìgbà wo ni a dà á nù kẹ́yìn? Ní ibì kan, ìyá olóúnjẹ fi ọmọrogùn lé wa kúrò lẹ́yìn ilé rẹ̀, ó ń bi wá bóyá wolé-wolé ni wá. A bẹ̀ ẹ́, a sì jẹun níbẹ̀ lẹ́yìn tí ó rẹ́rìn-ín tán, nítorí pé ohun tí a rí lẹ́yìn ilé náà mọ́ ju gbàgede ọ̀pọ̀ nínú wa lọ. A kọ́ ẹ̀kọ́ kan níbẹ̀ pé ẹni tí kò ní ohun tí ó ń fi pamọ́ ni ó máa ń bínú bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ẹ̀yìn ilé wọn kò dára a máa fi ẹ̀rín fà wá padà sí iwájú.

Ní ti owó, kí ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ kedere fún àwọn àlejò: ẹran ni ó ń jẹ owó ènìyàn, kì í ṣe òkèlè. Kí a béèrè iye ṣàkì, iye abọ́dì, iye ẹran ògúnfe, kí ṣíbí tó wọ ìkòkò, nítorí pé lẹ́yìn tí ó bá ti bọ́ sínú àwo, àríyànjiyàn kò sí mọ́. Ẹni tí kò ní púpọ̀, kí ó mú pọ̀nmọ́, kí ó sì jẹ ewédú àti gbẹ̀gìrì rẹ̀ ní àjẹyó. Ọbẹ̀ tí ó dára kì í tijú láti jáde láì mú ẹran lọ́wọ́.

Àwọn ilé kan wà tí òkìkí wọn ti kàn kọjá Èkó, bí Àmàlà Shitta ní Sùúrùlérè, White House ní Yábà, àti Ghana High ní Erékùṣù Èkó, tí ó gba orúkọ rẹ̀ lára ilé aṣojú ìjọba Ghana. Ẹni tí kò bá mọ̀nà lè bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, bí ó bá lè fara da ìtò gígùn. Ṣùgbọ́n àwọn kékeré tí a rí, a kò ní kọ orúkọ wọn, nítorí pé méjì nínú àwọn ìyá náà bẹ̀ wá kí a má ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní bí orúkọ àwọn bá jáde nínú ìwé, agbowó-òde yóò ti ṣáájú oníbàárà dé.

Ẹ jẹ́ kí a sì ṣe olóòótọ́, àwa tí a ń fi àṣà Yorùbá yangàn: oúnjẹ Èkó kì í ṣe ti Yorùbá nìkan. Ẹ̀wà àgànyìn, pẹ̀lú ata dúdú rẹ̀ tí ó ń ta ènìyàn lẹ́nu, ọwọ́ àwọn aládùúgbò wa ní ìhà Togo àti Benin ni ó ti dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn Hausa ni wọ́n ń sun sùyà fún wa ní Ọbáléndé. Àwọn ọmọ Àgùdà, tí baba wọn padà wá láti Brazil, ni wọ́n ń se frejon, ẹ̀wà tí a fi omi àgbọn sè, ní ọjọ́ Jímọ̀ tí a kan Jésù mọ́ àgbélébùú. Ìrẹsì Ọ̀fadà tí a fi ewé pọ́n ni tiwa, kò sì sí èyí tí ó tì ọmọnìkejì rẹ̀ kúrò lójà. Ọ̀rọ̀ ewé yìí mú wa rántí pé ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024 ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fi òfin de àwọn ike funfun fúyẹ́fúyẹ́ tí a fi ń di oúnjẹ, tí ó ń dí gọ́tà wa. Inú wa dùn, a rò pé ewé eéran yóò padà sórí àga rẹ̀. Ní ibi púpọ̀ tí a dé, ọ̀rá dúdú ni ó gba ipò náà.

Ní ti ọtí, a ó sọ díẹ̀, nítorí pé ọ̀kan nínú àwa mẹ́ta kì í mu ún, a kò sì fẹ́ kí a fi wá sùn. Ọtí Star tí a bẹ̀rẹ̀ sí í pọn ní Ìgànmú ní oṣù kẹfà ọdún 1949, ìgò kan náà ni yálà a mu ún ní ẹ̀gbẹ́ títì ní Ṣómólú tàbí lábẹ́ iná aláràbarà ní Victoria Island. Ṣùgbọ́n iye tí a san ní Victoria Island fún ìgò kan tó láti ra mẹ́ta ní Ṣómólú. Ilẹ̀kùn tí a gbà wọlé ni a ń sanwó rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ibi tí atẹ́gùn wà ni ènìyàn ń wá lálẹ́, kí ó lọ sí Freedom Park ní Broad Street, níbi tí ọgbà ẹ̀wọ̀n àwọn Òyìnbó wà rí. A ṣí i fún gbogbo ènìyàn ní 2010, a sì ń ta oúnjẹ àti ọtí níbẹ̀ nísinsin yìí, nínú ọgbà tí ó jẹ́ pé ní ayé baba wa, ẹni tí ó bá wọ ibẹ̀ kì í ṣe àríyá ni ó bá lọ.

Ẹmu ni ó bà wá nínú jẹ́. Ẹmu kì í dúró de ènìyàn: èyí tí a dá ní òwúrọ̀ dùn ní òwúrọ̀, ó sì ti le ní ìrọ̀lẹ́. Nítorí náà ẹni tí ó bá ń tà á ní àárín ìlú, tí ó sì dùn bí oyin ní agogo mẹ́jọ alẹ́, kí a bi í léèrè ohun tí ó fi sí i. Omi àti ṣúgà pọ̀ nínú akèrègbè Èkó. Àgbádárìgì, Ẹ̀pẹ́, àti etí Ìkòròdú ni a ti lè rí èyí tí ń hó fúnra rẹ̀. Ó sì yẹ kí ó dun Ẹgbẹ́ bí irú ilé ẹmu bẹ́ẹ̀ bá tán ní ìlú, nítorí pé nínú pálọ̀ àti ilé ẹmu ni Túndé King, tí a bí ní 1910, àti àwọn ọ̀dọ́ Olówógbowó, ti ń kọ orin tí ó di jùjú ní àwọn ọdún 1930. Kì í ṣe ní hòtẹ́ẹ̀lì. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ohun tí kò wọ́n ni a ń yìn láì bìkítà: ní 2015, ògógóró tí mẹtánọ́ọ̀lù wọ inú rẹ̀ pa ènìyàn ní Ìpínlẹ̀ Ondo àti Ìpínlẹ̀ Rivers, títí ìjọba àpapọ̀ fi fi òfin dè é fún ìgbà kan. Ọtí tí a kò mọ ibi tí ó ti wá, kí a fi í sílẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́.

Nísinsin yìí a dé ibi tí ọ̀rọ̀ wa ń lọ. Àwọn ilé oúnjẹ wọ̀nyí ń kú lọ. Láti ìgbà tí a ti mú owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo bẹntiróòlù ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí iye náírà sì já wálẹ̀ ní oṣù kẹfà rẹ̀, kò sí ohun kan nínú ìkòkò tí kò gbówó lórí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, kí Iléeṣẹ́ Ìṣirò ti Orílẹ̀-èdè tó yí ọ̀nà ìṣirò rẹ̀ padà, wọ́n ní owó oúnjẹ fi 39.84 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti oṣù Kejìlá ọdún tí ó ṣáájú lọ. Olóúnjẹ kò lè fi gbogbo rẹ̀ lé oníbàárà lórí. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ṣíbí ń kéré sí i, pọ̀nmọ́ ń di tín-ín-rín, ẹlòmíràn sì ti fi gáàsì sílẹ̀ padà sí èédú àti igi, tí èéfín ń wọ̀ ọ́ lójú. A bi ọ̀kan nínú wọn léèrè ìdí tí kò fi sọ owó rẹ̀ di ìlọ́po méjì. Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá, àwọn ọmọ yìí ni mo ń bọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́. Ibo ni wọ́n fẹ́ gbà?"

Èkejì ni lílé tí a ń lé wọn. Ní Sátidé kejì a jẹun lọ́dọ̀ ìyá kan lẹ́bàá ibùdókọ̀ kan. Ẹ̀fọ́ rírò rẹ̀ ni ó dára jù nínú gbogbo ohun tí a jẹ. Ní Sátidé tí ó tẹ̀ lé e a padà lọ, a bá ilẹ̀ gbálẹ̀. Àwọn aládùúgbò sọ fún wa pé àwọn ọkùnrin kan tí wọ́n wọ aṣọ iṣẹ́ ni wọ́n wá ní ìdájí Ọjọ́bọ̀, tí wọ́n gbé ìkòkò rẹ̀ lọ ti òun ti ọbẹ̀ inú rẹ̀. A wá a títí a fi rí i nínú ọgbà mẹkáníìkì kan, ó ń fi ìkòkò àyálò dáná. A rò pé yóò máa ṣépè. Ohun tí ó sọ ni pé, "Gọ́tà wà níwájú mi lóòótọ́. Kí wọ́n ṣáà fi ibòmíràn hàn mí." Àwọn oníṣẹ́ tí wọ́n ń jẹun lọ́dọ̀ rẹ̀, búrẹ́dì àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni a bá lọ́wọ́ wọn lọ́jọ́ náà.

A kò sọ pé ìjọba kò ní ẹjọ́ rò. Òfin tí ó de títà lójú títì ní Ìpínlẹ̀ Èkó ti wà láti 2003; ní 2016 ni a tún kéde rẹ̀ pé àti ẹni tí ń tà àti ẹni tí ń rà lè san ₦90,000 tàbí kí wọ́n lọ ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Ọ̀nà ń dí lóòótọ́. Àrùn onígbáméjì jà ní Èkó ní oṣù kẹfà ọdún 2024, kò sì sí ọlọ́gbọ́n tí yóò fẹ́ kí a máa bu oúnjẹ lórí gọ́tà. Ṣùgbọ́n ẹni tí a lé láì fi ibì kan hàn án kò dáwọ́ dúró. Ibi tí ó ṣókùnkùn jù, tí omi rẹ̀ sì jìnnà jù, ni yóò lọ. Lílé yìí gan-an ni ó ń sọ oúnjẹ di ìdọ̀tí.

Kí ẹ wo Singapore, ìlú tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ṣàkóso rí bí wọ́n ti ṣàkóso Èkó. Àwọn olóúnjẹ kún títì ibẹ̀ pẹ̀lú. Ní 1968 àti 1969 ìjọba ibẹ̀ kọ orúkọ wọn sílẹ̀, láti 1971 títí di 1986 ni a sì ń kọ́ ilé ńlá ńlá fún wọn, tí ó ní omi ẹ̀rọ, tí ó ní gọ́tà, tí ó ní ibi ìjókòó, a sì ń kó wọn wọ inú rẹ̀. Irú ilé bẹ́ẹ̀ lé ní ọgọ́rùn-ún níbẹ̀ báyìí. Olówó àti òṣìṣẹ́ ń jẹun níbẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, UNESCO sì fi àṣà náà sínú àkójọ ogún aráyé ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, inú àkójọ kan náà tí Ifá wa àti Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wa wà.

Ṣùgbọ́n èyí tí ó yẹ kí ó dùn wá jù ni ti àwọn ọmọ ìyá wa ní Bahia. Ní ìlú Salvador, àwọn ìyá aláṣọ funfun ń jókòó sí ìkóríta títí di òní, wọ́n ń fi epo pupa din àkàrà tí wọ́n ń pè ní acarajé, wọn kò sì gbàgbé pé oúnjẹ Ọya ni. Oko ẹrú ni a ti gbé àkàrà náà lọ. Ní 2005 ìjọba Brazil kọ iṣẹ́ àwọn ìyá wọ̀nyí sínú ìwé ogún orílẹ̀-èdè. Nígbà tí àwọn alákòóso bọ́ọ̀lù àgbáyé fẹ́ lé wọn kúrò ní àyíká pápá Fonte Nova, nígbà tí ìdíje ọdún 2014 ń bọ̀, àwọn ìyá náà kọ̀ jálẹ̀, ìlú gbè wọ́n, a sì gbà wọ́n láyè láti tà. Àkàrà tí ó ti orí omi kọjá nínú ìdè rí ẹni gbèjà rẹ̀ ní òkèèrè. Èyí tí ó kù nílé, ọkọ̀ akólẹ̀ ni a ń gbé e jù sí.

Ẹ̀yin Ìjòyè wa, ọ̀dọ̀ yín ni a kọjú sí. Ilẹ̀ ẹbí àti ilẹ̀ ẹ̀bá ọjà ṣì wà lábẹ́ àṣẹ yín ní ọ̀pọ̀ ibi. Bí ẹ bá fi ojú ilẹ̀ kékeré kan sílẹ̀ ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan, tí Ẹgbẹ́ sì bá ìjọba ìbílẹ̀ sọ̀rọ̀ kí wọ́n fa omi dé ibẹ̀, kí wọ́n la gọ́tà, kí wọ́n sì máa gba owó kan ṣoṣo lóṣù pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí, àwọn ìyá náà yóò san án. Gbogbo àwọn tí a bi ni wọ́n sọ bẹ́ẹ̀, nítorí pé owó tí wọ́n ń san fún oríṣiríṣi ènìyàn tí kì í fún wọn ní ìwé nísinsin yìí ju ìyẹn lọ. Kò yẹ kí wolé-wolé dẹ́kun láti wá, ṣùgbọ́n kí ó wá kọ́ni, kí ó má wá gbé ìkòkò.

Àwọn kan láàárín wa ń kùn pé bùkà kò yẹ fún ẹgbẹ́ tí àwọn Ọba ń fi ọwọ́ sí. A mọ̀ pé Ọba kì í jẹun ní gbangba, a kò sì ní kí Kábíyèsí kan wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì. A lè gbé oúnjẹ ránṣẹ́ sí ààfin nínú àwo tí a dé, bí a ti ń ṣe é láti ọjọ́ aláyé ti dáyé. Àwa tí ó kù, akọ̀wé, lọ́yà, oníṣègùn, oníṣòwò, kò sí èyí tí ìyá rẹ̀ kò ra ẹ̀kọ àti àkàrà fún lẹ́bàá ọ̀nà kí ó tó di ènìyàn ńlá.

Nítorí náà a ti dábàá fún Ìgbìmọ̀, wọ́n sì ti gbà, pé ìpàdé oṣù tí ń bọ̀ yóò wáyé nínú gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Sùúrùlérè tí a gbà ní owó pọ́ọ́kú. Ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè ni yóò dáná fún wa nínú ọgbà ibẹ̀, Ẹgbẹ́ sì ti san owó ìkòkò tuntun fún un, tí yóò máa fi oúnjẹ dá padà díẹ̀díẹ̀. Owó àwo kan kò ní ju ìdá mẹ́wàá èyí tí a ń san tẹ́lẹ̀ lọ. A ti kọ ìwé sí gbogbo àwọn olùkọ́ tí a kò rí mọ́, ti Agége ni ó sì kọ́kọ́ dáhùn pé òun ń bọ̀, òun yóò sì mú ẹnìkejì wá. Agogo mẹ́wàá òwúrọ̀ ni a ó bẹ̀rẹ̀. Ìyá ní kí àwọn tí ó fẹ́ ṣàkì tètè dé.